Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Lára Nashaly

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù Kẹfà

Iluminada Toro ló ń kọ èyí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé rẹ̀ sì kọjú sí tèmi níbí lórí òkè ní Guayabo Alto. Èmi ni Monserrate Cintrón. N kò mọ ìwé, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàdọ́rin. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe ọ̀rọ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́.

Nashaly ọmọ ọmọ mi ti rí àyè ní yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Migdalia ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ mi, wà lókè òkun ní Orlando níbi tó ti ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò lè wá. Èmi ni màá bá ọmọ náà yí gbogbo ọ́fíìsì ká, mo sì mọ àwọn ará ọ́fíìsì. Wọ́n á ní o kò wá. Wọ́n á ní ìwé náà kò dé ọwọ́ àwọn. Lọ́dún tí ìjì líle gbé òrùlé mi lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ fún mi pé n kò forúkọ sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ tí mo lọ, ẹni tí mo bá, ohun tó sọ, gbogbo rẹ̀ á wà nínú ìwé yìí.

Òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Eruku aṣálẹ̀ bo ojú ọ̀run, ọ̀fun ń yún gbogbo èèyàn. Àwọn adìyẹ gan-an ń wúkọ́.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà

Wọ́n pe gbogbo ọmọ tuntun, àwọn prepa, sí gbọ̀ngàn yunifásítì. Iluminada ló wakọ̀. Ó ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin sórí.

Ọkùnrin tó ń tọ́ àwọn ọmọ náà sọ́nà ń jẹ́ Feliberty. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀, Doña?"

"Ìyá ìyá rẹ̀ ni mí."

"Ẹ jókòó sẹ́yìn. Àwọn ọmọ nìkan ló wà níwájú."

"Etí mi kò dára. Iwájú ni màá jókòó."

Iwájú ni mo jókòó. Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Kíláàsì márùn-ún ni Nashaly gbọ́dọ̀ mú ní sáà àkọ́kọ́. Bàolójì ni olórí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tí kò bá rí bàolójì mú ní sáà àkọ́kọ́, wọ́n á fi ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó wà lórí ìlà, àwọn tó wà lórí ìlà náà sì pọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mú kíláàsì náà. Oníkálukú ní ọjọ́ tirẹ̀ àti wákàtí tirẹ̀. Ti Nashaly ni Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Mo na ọwọ́ sókè. "Tí wákàtí rẹ̀ bá kọjá ńkọ́?"

Feliberty ní, "Ó ṣì lè wọlé títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ, Doña. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn yòókù bá jẹ kù ni yóò bá."

Nashaly fa aṣọ mi. Ojú ń tì í. Kí ojú ó tì í.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje

Wọ́n ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Inú agolo bisikíìtì ni mo ń kó ìwé sí, àwọ̀ ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ti ilẹ̀ ni funfun tó ti pọ́n, ti ìsìnkú ọkọ mi ni èyí tó ní etí dúdú, ti abẹ́rẹ́ ni aláwọ̀ ewé. Nashaly fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Ó parí.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta, dọ́là méjì. Olè ni wọ́n.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò parí.

Nashaly wá bá mi níbi tí mo ti ń ro ẹ̀yìnkùlé. "Màmá, wọ́n ti dí mi mọ́."

"Ta ló dí ọ mọ́?"

"Àmì pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Tí kò bá kúrò, tí wákàtí mi bá tó, n kò ní lè wọlé mú kíláàsì kankan."

"Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

"Wọ́n ní n kò fún wọn ní ìwé abẹ́rẹ́."

"O fún wọn."

"Mo fún wọn, Màmá. Ìṣojú yín ló ṣe."

Mo ní ká máa lọ síbẹ̀ lọ́la. Mo sọ fún Iluminada kó wo epo ọkọ̀ rẹ̀.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Akọ̀wé yunifásítì tó ń gba ìwé abẹ́rẹ́ ń jẹ́ Ìyáàfin Zayas. A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó wo ìwé aláwọ̀ ewé náà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo ìwé náà.

"Ìwé yìí kì í ṣe ti ọmọ yìí, Doña."

"Báwo ni kò ṣe jẹ́ tirẹ̀? Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi dì í mú nígbà tí wọ́n ń gún un. Ó tún bù mí jẹ."

"Orúkọ tó wà lórí ìwé abẹ́rẹ́ ni Nashaly Cintrón. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ni Nashaly Quiles Cintrón. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì nìyẹn. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti gún un, kí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ."

Nashaly wò mí. Èmi ń wo fáànù.

Èmi ni mo ṣe é. Iluminada dá bírò dúró nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.

Ọdún kọkànlá nìyí. Wilfredo Quiles, bàbá ọmọ náà, lọ bá onídìrí kan ní etíkun nígbà tí Nashaly wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Obìnrin ibẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní Nashaly Cintrón, orúkọ tiwa nìkan. Ó ní, "Orúkọ bàbá ńkọ́?" Mo ní, "Kò ní bàbá." Ó wò mí, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan, mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ ọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ka ìwé náà, nítorí gbogbo wọn ló mọ ọmọ tó jẹ́. Ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìwé nìkan ni wọ́n mọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Nashaly nínú ọkọ̀. Ó yíjú sí fèrèsé títí a fi délé.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Nashaly kò bá mi sọ nǹkan kan lónìí àfi "Ẹ súre fún mi" tí ọmọ fi ń kí àgbà láàárọ̀. Mo dáhùn bó ṣe yẹ, "Ọlọ́run á súre fún ọ." Ó kéré tán, ó béèrè.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ní ibi abẹ́rẹ́. Wọ́n ní àwọn lè tún orúkọ kọ, kò le, ká sáà mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ wá. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti àtijọ́ ni, wọn kò gbà á mọ́. A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba tuntun. Akọ̀wé ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n bíi ti ewúrẹ́, béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Nashaly ní, "Mẹ́tàdínlógún. Màá pé méjìdínlógún ní oṣù Kẹsàn-án."

"Bàbá tàbí ìyá ló gbọ́dọ̀ wá gbà á."

Mo ní, "Èmi ni mo tọ́ ọ."

"Ṣé ilé ẹjọ́ kọ ọ́ fún yín, Doña?"

"Ilé ẹjọ́ wo? Ìrẹsì ni mo fi tọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fún wa.

A pe Migdalia. Ó ní òun lè béèrè fún un láti Orlando, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbà kó tó dé nínú lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sí lọ́wọ́ wa. Ó wá ní, "Màmá, bàbá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni sí yín."

"Ojú ọ̀nà náà kò dára."

"Ojú ọ̀nà náà lẹ ń gbà lọ ra búrẹ́dì."

Mo fún Nashaly ní fóònù rẹ̀ padà.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Aago mẹ́wàá lù. Nashaly jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ti fọ irun rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tẹ ohun tó ń tẹ̀. Àmì pupa. Ó tún un tẹ̀. Àmì pupa.

Ó ní òun lè rí iye àyè tó kù ní kíláàsì bàolójì, àfi pé òun kò lè mú ọ̀kan. Mo bi í pé mélòó ló kù. Ó ní mẹ́rìnlélógún. Mo ka hóró òtílí mẹ́rìnlélógún sínú ife kọfí, kí n lè máa fi ojú mi rí i. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ní kí n yọ márùn-ún.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Òtílí mẹ́tàlá.

Iluminada ní, "Doña Monse, ìgbéraga yín ló ń jẹ òtílí yẹn."

Mo ní, "Ohun tí mo bá sọ ni kó o kọ. Má kọ ohun tí ìwọ sọ."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ."

Ó kọ ọ́. Ẹ rí i níbẹ̀ yẹn.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Òtílí mẹ́wàá. Nashaly ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé òun lè lọ bá ìyá òun ní Orlando, pé wọ́n ń wá èèyàn ní ibi ìfọṣọ. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ni aago wí. Ó tún ń ká aṣọ tó ti gbẹ bó ti ń sọ ọ́. Ó ká wọn dáadáa.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iluminada ń gbọ́ ọ báyìí fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wilfredo ń ṣe fọkanáísà lẹ́bàá afárá. Wọ́n kọ Quiles, orúkọ ìdílé rẹ̀, gàdàgbà sára ògiri pẹ̀lú ọ̀dà búlúù. Mo ti ń kọjá níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti padà wá láìsí onídìrí, mo sì máa ń wo apá kejì ọ̀nà. Lónìí mo wo ògiri náà. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ dà bí ẹyin tó ní ìrù.

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń tú táyà ọkọ̀ kan. Ó rí bàtà mi, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ súre fún mi, Doña Monse."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó ń fẹ́ Migdalia nìyẹn. N kò dá a lóhùn.

Mo ní, "Ìwé ẹ̀rí ìbí Nashaly ni mo bá wá. Ìwọ tàbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n lè fún."

"Kí ló ṣe Nashaly?"

"Kò ṣe é ní nǹkan kan. Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ kúrò lára rẹ̀ níbì kan. Ibẹ̀ ló ti dí i mọ́ báyìí, yunifásítì kò jẹ́ kó mú kíláàsì."

Ó fi àkísà nu ọwọ́. Ó nù ún pẹ́. "Ẹ yọ mí kúrò?"

"Mo yọ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó o lọ."

"Èmi náà ìbá yọ ara mi," ó ní. Ó tún ní, "Kò sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí o."

"Àárọ̀ wo?"

"Ó máa ń yà níbí, Doña Monse. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ló ti máa ń yà, ilé ẹ̀kọ́ wá parí, kò dẹ́kun. Á ní kí n súre fún òun, màá súre fún un, á sì máa lọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń fún un ní búrẹ́dì."

Ọdún mẹ́ta. Mo jókòó sórí táyà kan. Ó ti gbóná nínú oòrùn, ó ń jó mi láti inú aṣọ, n kò dìde.

Ó ní, "Ọ̀la ni màá lọ gbà á. Kí ni wọ́n ní kí n mú dání?"

"Ìwé ìdánimọ̀ rẹ. Kó o sì wẹ ọwọ́."


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó lọ. Ó dúró lórí ìlà láti aago méje. Nígbà tó kàn án, kọ̀ǹpútà wọn kú. Wọ́n ní kó padà wá. Òtílí mẹ́jọ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ti gbogbo ọ́fíìsì. Mo fọ ilẹ̀ ilé lẹ́ẹ̀mejì.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó rí i gbà. Ó fi ọ̀rá wé e lọ́nà mẹ́ta kí gíríìsì má bàa kàn án. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó nà án sí mi láti orí irin. N kò ní kó wọlé, òun náà kò sì sọ pé òun fẹ́ wọlé. Kò ní kí n súre fún òun lónìí. Èèyàn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Nashaly sáré jáde lẹ́yìn mi, ó ní, "Pápá, ẹ súre fún mi," níṣojú mi, kò wò mí rárá. Ó súre fún un. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òtílí mẹ́fà.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n tẹ ìwé aláwọ̀ ewé tuntun fún wa ní ibi abẹ́rẹ́. Kí n tó kúrò níwájú tábìlì, mo gbé ìka lé e, mo bi obìnrin náà pé, "Ẹyin onírù dà?"

Ó ní, "Ẹyin kí ni, Doña?"

"Ẹyin tó ní ìrù. Kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀."

Ó wo Nashaly bóyá orí mi ti dà rú. Nashaly bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ kẹwàá, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó mú ìka mi, ó gbé e lé ibẹ̀ gan-an. Ó wà níbẹ̀.

Òtílí mẹ́rin.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Ìyáàfin Zayas gba ìwé náà ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Àmì pupa náà á kúrò tó bá di ọ̀túnla."

"Ọ̀túnla ni Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì lẹ máa ti ilẹ̀kùn."

"Mo mọ̀, Doña. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà."

Mo yíjú sí Iluminada, mo ní kó kọ orúkọ obìnrin náà sílẹ̀, àti aago, àti ọ̀túnla.

Ìyáàfin Zayas na ọrùn. "Kí lẹ ń kọ yẹn?"

Iluminada ní, "Ohun tí ẹ sọ ni."

Ó jókòó dáadáa, ó tún kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá fún wa ni.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Òtílí méjì. Àmì pupa ṣì wà. Nashaly kò jẹun. Èmi náà kò jẹun, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mo ti jẹ.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ

Kó tó di aago mẹ́fà ni iná ti lọ ní gbogbo òkè. Fóònù Nashaly kú ní aago mẹ́jọ. Ti Iluminada kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì kankan, ó ń gbé e sókè kiri àgbàlá bí ẹni tó ń sá aṣọ. Ọ̀túnla ti di òní, a kò sì lè mọ̀ bóyá àmì pupa ti kúrò. Nashaly jókòó sí àtẹ̀gùn, ó gbá orúnkún mọ́ra.

Ibì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí iná wà ni ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà. Mo ní, "Dìde. Ìsàlẹ̀ òkè là ń lọ."

Jẹnẹrétọ̀ Wilfredo ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ń dúró dè é. Mo sọ ohun tí a bá wá. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ ìfẹ́táyà, ó ní jẹnẹrétọ̀ náà kò lè gbé méjèèjì pọ̀, ó sì fi wáyà kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì sí i. Ó fi aṣọ tirẹ̀ nu àga fún Nashaly.

Ọkùnrin kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní, "Wilfredo, oòrùn ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi. Fẹ́ táyà yìí kí n máa lọ."

"Ọmọ mi ń forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ń pọ́n."

"Jẹ́ kó pọ́n, a ó din ín."

Nashaly tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àmì pupa ti kúrò." Ó fi ìka tọ ìlà kan. Ó ní, "Bàolójì ku ọ̀kan."

Mo ní, "Mú un."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ó ń yí."

Ó ń yí. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wilfredo gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń tu màlúù lójú. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn wa, kò ráhùn mọ́. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Iluminada ní ìṣẹ́jú kan ni. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nashaly ní, "Ó gbà mí."

Ó mú àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣirò, èdè méjì, àti èyí tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àwùjọ. Kíláàsì márùn-ún pé. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ hàn mí. Ẹyin onírù ló ṣáájú, lẹ́tà Cintrón tiwa tẹ̀ lé e, ó dà bí òrùka tó kán. Mo wò ó tó bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Wilfredo ti wà nídìí táyà ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi apá nu ojú. Gíríìsì wà ní gbogbo ojú rẹ̀.

Òtílí kan ló kù nínú ife. Mo dà á mọ́ àwọn yòókù, mo sè é pẹ̀lú ìrẹsì. Nashaly jẹ àwo méjì.

Ó tó báyìí, Iluminada. Tí iná bá dé, kó o pe Migdalia, kó o ka ìwé yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo ọjọ́ kẹwàá. Tó bá fẹ́ bú mi, jẹ́ kó bú mi tán. Sọ fún Ìyáàfin Zayas pé orúkọ rẹ̀ wà níbí, a kò kọ ọ́ ní búburú.

Ṣùgbọ́n kó o tó pe ẹnikẹ́ni, lọ bá Wilfredo láàárọ̀ ọ̀la. Sọ fún un pé ìre tó béèrè lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ kẹtàlélógún, mo dáhùn. Ọlọ́run á súre fún un. Bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ ọ́. Tó bá ní kí ló dé tí n kò wá fúnra mi, sọ fún un pé ojú ọ̀nà náà kò dára.